Télọ̀ Tó Ní Kí Ọjà Ìpín Wá Lọ́la

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan lójú títì tó ń tẹjú mọ́ iwájú ṣòkòtò àwọn ẹni ẹlẹ́ni, ẹ má tíì ké sí ọlọ́pàá. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá télọ̀ ni. Bó bá ní télọ̀ lòun, ẹ tún bi í bóyá ó ní ìpín nílé-iṣẹ́ kan lókè òkun. Bó bá kọ́kọ́ gbé àyà sókè kó tó dáhùn, ẹ fi í sílẹ̀ o jàre. Onípìn-ín nìyẹn. Dúkìá rẹ̀ ló ń bẹ̀ wò.

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni Onípìn-ín. Òun ló fún ara rẹ̀, ó sì fi agídí tì í bọ àdúgbò lẹ́nu. Ó ti ń ránṣọ láti ìgbà tí irun ṣì wà láàárín orí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé alájà kan, láàárín ẹni tó ń ta ọ̀dà àti ẹni tó ń tún bàtà ṣe, tó fi jẹ́ pé gbogbo aṣọ tó bá jáde níbẹ̀ ló ń rùn bí ilé tuntun àti ẹsẹ̀ àgbà. Tábìlì tó fi ń lọ aṣọ ti jóná kiri bí ara àmọ̀tẹ́kùn. Dígí rẹ̀ sán láàárín, ẹni tó bá yọjú sí i á rí ikùn méjì. Bí oníbàárà bá ráhùn pé aṣọ ò bá òun mu, Onípìn-ín á ní, "Aṣọ yín ò ní wàhálà. Ikùn yín ni kẹ́ ẹ mú lọ tún ṣe."

Lókè dígí yìí ló kan pátákó kan mọ́, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà gadagba: A KÌ Í GBA AṢỌ LỌ́JỌ́ TÍ WỌ́N FẸ́ WỌ̀ Ọ́. Òfin yìí kì í yẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní ìkángun títì sáré wọlé pẹ̀lú aṣọ gáùn lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀.

"Ẹ bá mi fi ẹ̀rọ kọjá lára ẹ̀ lásán, ẹ jọ̀ọ́ sà."

Onípìn-ín bọ́ awò ojú rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ máa ń gún òkú lábẹ́rẹ́?"

"Rárá o."

"Kí ló dé?"

"Ó ti pẹ́ jù fún un nígbà yẹn."

"Ẹ káre. Ẹ gbé aṣọ yín, kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹni tó bá mú aṣọ wá lọ́jọ́ òde, ìhòhò ló fẹ́ rìn lọ síbẹ̀."

Gbogbo àwọn tó wà níjòókòó fi ẹ̀rín bọnu. Yúnífọ́ọ̀mù ni nọ́ọ̀sì wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó náà, bó sì ṣe wọlé báyìí, ìdajì àwọn àlejò ló dìde láti wo ẹni tó dákú.

Ohun tí òfin náà kò sọ ni ọjọ́ tí aṣọ máa jáde. Lórí ìyẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Onípìn-ín mọ̀: "Ẹ wá lọ́la." Ọmọ tí wọ́n wọn aṣọ ilé-ìwé àkọ́kọ́ fún níbẹ̀, tòun ti irùngbọ̀n ló wá gbà á.

Igun tó kángun sí fèrèsé ni ìyàwó rẹ̀ ń jókòó sí. Ìyá Wívìn ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí ẹ̀rọ wívìn tó fi ń ṣiṣẹ́, èyí tí ń di etí aṣọ kó má baà tú. Owó ara rẹ̀ ló fi rà á kó tó di ìyàwó ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹlòmíì tó ní irú rẹ̀ ní gbogbo títì náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo télọ̀ ń kó aṣọ wá. Ká má fi igbá bọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: ọkọ ló ń pariwo, ẹ̀rọ wívìn ló ń bọ́ ilé.

Báwo ni ìpín wá ṣe bọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí? Síìpù tí Onípìn-ín ń lò ní àmì ẹyẹ kékeré kan létí. Lọ́jọ́ kan, ó mú un lọ bá Oníkọ̀ǹpútà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì títì, tó ń bá àwọn ènìyàn tẹ̀wé, tó sì ń bá wọn ra nǹkan láti òkè òkun.

"Ta ló ni ẹyẹ yìí?"

"Ilé-iṣẹ́ ńlá kan lókè òkun ni, ọ̀gá mi. Ẹni tó bá ra ìpín níbẹ̀ ló ni ín."

"Ẹnikẹ́ni?"

"Àní ẹ̀yin gan-an."

Ká ní Oníkọ̀ǹpútà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí máa bí ni, ì bá ti gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Onípìn-ín ra ìpín kan. Ẹ gbọ́ mi yé o: ẹyọ kan. Nínú ìpín tó pọ̀ bí iyanrìn etí òkun, hóró iyanrìn kan ló rà, ló bá ń pe òkun ní tèmi.

Láti ọjọ́ náà ni bọ́tìnnì ti di ohun ìríra. Síìpù ló ń fi sí gbogbo nǹkan: ẹnu ìrọ̀rí, kọ́tìnnì ojú fèrèsé, aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ jòjòló lọ́rùn. Ó fi síìpù mẹ́ta sí ṣòkòtò atúnbàtàṣe. Ìyẹn bi í pé kí ni òun fẹ́ fi mẹ́ta ṣe. Ó ní, "Ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún òde, ọ̀kan nítorí ohun tí a ò rò tẹ́lẹ̀." Bó bá rí síìpù tí kò ní ẹyẹ lára ẹnì kan, á mi orí, á ní, "Ọ̀tá wa lẹ̀ ń bá rìn yìí." Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà yan ọ̀gá tuntun, inú bí i débi pé kò jẹun alẹ́. Wọ́n yan ènìyàn sórí iṣẹ́ òun, wọn ò fi tó òun létí! Bí ọjà ìpín lókè òkun bá sì wà nínú ìsinmi, á ti ìlẹ̀kùn mọ́rí nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn o! Ìsinmi kí ni lónìí?"

"Ìsinmi ni lọ́dọ̀ tiwa," ló máa dáhùn láti inú.

Nígbà tí èrè orí ìpín rẹ̀ kọ́kọ́ dé, kò tó ra òwú ìránṣọ kan. Onípìn-ín fi owó kún un, ó ra òwú náà, ó sì so ó rọ̀ sára ògiri bí àmì-ẹ̀yẹ. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́.

A ṣì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí lọ ni, àfi ọjọ́ tí Oníkọ̀ǹpútà sọdá títì wá, tó ní ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́yẹ ti ta ẹ̀ka kan nínú iṣẹ́ wọn, wọ́n sì fẹ́ pín èrè àkànṣe, irú èyí tí wọn ò pín rí.

"Wọ́n dárúkọ mi?"

"Wọn ò dárúkọ ẹnì kankan, sà. Ẹ gbọ́ ọjọ́ tí wọ́n dá. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wo ìwé orúkọ. Ẹni tí wọ́n bá bá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ ló máa jẹ èrè yẹn, ìparí oṣù ni wọ́n máa sanwó. Àmọ́ bí ènìyàn bá ra ìpín lónìí, ọ̀la ni orúkọ rẹ̀ ń wọ̀wé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rà sí i, ó pẹ́ tán, Ọjọ́rú. Ẹni tó bá dúró di Ọjọ́bọ̀, ìpín lásán ló rà, èrè ti jáde nínú ẹ̀."

"Ọjọ́rú," ni Onípìn-ín wí. Ó yé e yékéyéké. Ẹ jẹ́ ká jẹ́rìí sí ìyẹn fún un, nítorí ìwọ̀nba ohun tí a máa rí yìn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Owó ni kò sí. Lójú oúnjẹ alẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo igun fèrèsé bí ológbò ṣe ń wo ẹja.

"Ìyá àwọn ọmọ, ẹ̀rọ yìí mà ti ń darúgbó."

"Àwa méjèèjì ni," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Jẹ́jẹ́ ti ń bẹ̀ mí lórí ẹ̀ ọjọ́ pẹ́." Télọ̀ mìíràn ní òdìkejì títì ni Jẹ́jẹ́, ọkùnrin kan tí kì í gbóhùn sókè, tí aṣọ rẹ̀ sì máa ń jáde lọ́jọ́ tó dá, ìdí nìyẹn tí Onípìn-ín fi gbà pé kò mọṣẹ́.

"Ẹ̀rọ mi lẹ fẹ́ tà?"

"Ta ló ń tà á? Ó kàn fẹ́ lọ kí Jẹ́jẹ́ ni."

"Ìkíni tí wọ́n ń gbowó lé lórí."

"Tí èrè bá dé níparí oṣù, tuntun ni màá rà fún ọ. Èyí tó ń di etí aṣọ tó sì ń kọrin!"

"Orin ò sí nínú ohun tí mò ń wá."

Onípìn-ín bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé oúnjẹ tì. Ọ̀rọ̀ síìpù ni obìnrin náà bá sùn, òun ló bá jí, òun ló bá fọ eyín. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Iṣẹ́ mi ni ẹ̀rọ yẹn. Ẹ gbé e lọ. Àmọ́ tó bá di ìparí oṣù tí ẹ̀rọ ò sí níbi fèrèsé yìí, ibi tó bá wà lèmi náà máa wà."

Onípìn-ín rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó onípìn-ín, kó lọ máa bá Jẹ́jẹ́ ṣiṣẹ́? Ayé á gbọ́!"

Ìyàwó rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé ẹ̀rọ sọdá. Owó wọ àpò Onípìn-ín. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá gba ibẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ Oníkọ̀ǹpútà tààrà, ì bá ra ìpín rẹ̀, ì bá sì lọ sùn. Àmọ́ Onípìn-ín wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó rí ikùn méjì nínú ṣẹ́ẹ̀tì gbígbó kan, ó ní ènìyàn bíi tòun ò lè wọ irú èyí lọ ra ìpín.

"Ọ̀gá mi, ọjà ìpín kì í rí ohun tẹ́ ẹ wọ̀," Oníkọ̀ǹpútà wí.

"Ìyẹn ni wọn ò tíì rí mi ni."

Ló bá gé kóòtù àti ṣòkòtò aláwọ̀ ojú ọ̀run fún ara rẹ̀. Síìpù láyà, síìpù lápá, síìpù ní orúnkún, síìpù gbọọrọ kan tó gba ẹ̀yìn kọjá láti ọrùn dé ìdí, tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ gba ibẹ̀ jáde. Ó rán an ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun láìgbé ojú sókè. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó kù kí wọ́n di etí rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ láti ìgbà tó ti gbé ìyàwó, ó na aṣọ sí ìhà fèrèsé láìwo ibẹ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ, gbà, bá mi di etí ẹ̀."

Aṣọ ṣubú sílẹ̀ pọ́. Ojú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kù lórí símẹ́ńtì. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì wọ́n, ó káwọ́ gbera.

"Ẹ fún ilẹ̀," ó wí. "Bóyá á bá yín dì í."

Onípìn-ín ki aṣọ mọ́ abíyá, ó di ọ̀dọ̀ Jẹ́jẹ́. Aṣọ gbogbo télọ̀ títì ti ga jọ níwájú ẹ̀rọ wívìn bí òkè, Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló jókòó tì í, ẹ̀rọ náà kò sì tíì mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá mi," Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹ fi síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá lọ́la."

"Lọ́la kẹ̀? Èmi? Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ilé mi ló ti jáde?"

"Ẹ má bínú, sà. Àwọn kan ló ṣíwájú yín."

Bó ṣe ń padà bọ̀, Oníkọ̀ǹpútà jáde síta, ó ń juwọ́ bí ẹni tí ilé ń jó. "Ọ̀gá mi! Ọjà ti ṣí o! Òní ni Ọjọ́rú!"

"Fọkàn balẹ̀. Aṣọ ni ò tíì jáde. Ó di lọ́la."

"Kò sí lọ́la níbẹ̀ o, sà! Ẹ wọ pátá wá, ẹ jẹ́ ká rà á!"

"Ta ló ní kò sí lọ́la?" Onípìn-ín dúró láàárín títì, àwọn ọkọ̀ ń fọn fèrè fún un. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ, ta ni mo ní kó wá lọ́la rí tí kò wá?"

Lójú rẹ̀, ọjọ́ kan kì í ṣe nǹkan. Ènìyàn tó ti fi aṣọ ìyàwó pamọ́ títí ìyàwó fi bímọ, kí ni ọjọ́ kan jẹ́ fún un?

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Onípìn-ín jáde nínú aṣọ rẹ̀. Ẹ ò ní láti rí i kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Bó bá gbé ẹsẹ̀, síìpù á dún ṣẹ̀ẹ́kẹ́ṣẹ̀ẹ́kẹ́ bí ẹni tó jí ṣíbí gbé nílé ọlọ́rọ̀. Àwọn ajá sá wọlé. Atúnbàtàṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e, ẹni tó ń ta ọ̀dà náà tẹ̀ lé e, gbogbo wọn sì há mọ́ ṣọ́ọ̀bù Oníkọ̀ǹpútà lábẹ́ fáànù tó ṣẹ́ lápá kan.

Oníkọ̀ǹpútà ṣí ojú ẹ̀rọ. Onípìn-ín bẹ́ mọ́ ọn. Iye tí wọ́n ń ta ìpín ẹlẹ́yẹ ti lọ sílẹ̀ ju ti àná lọ.

"Ẹ wá wò ó! Wọ́n ti gé e fún mi! Wọ́n mọ̀ pé mò ń bọ̀!"

"Wọn ò gé nǹkan kan fẹ́nì kan, sà. Èrè yẹn ló ti kúrò nínú ẹ̀. Ẹyin tí wọ́n ti fa inú ẹ̀ mu ni, èèpo ló kù. Ẹ fi owó yín sápò, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìwọ ọmọ yìí, ìlara á pa ọ́. Ṣé kì í ṣe Ọjọ́bọ̀ lo ní wọ́n máa wo ìwé orúkọ?"

"Ọjọ́bọ̀ ni."

"Òní ńkọ́?"

"Ọjọ́bọ̀ ni, àmọ́—"

"Mo dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá, o tún ń sọ pé àmọ́. Tẹ̀ ẹ́!"

Oníkọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́. Atúnbàtàṣe pàtẹ́wọ́. Onípìn-ín sì fa síìpù àyà rẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn ọrọ̀ lè wọlé.

Oṣù parí. Ìyá Wívìn, tí kò tíì fọwọ́ kan aṣọ láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti lọ, gbá igun fèrèsé mọ́ tónítóní, ó sì jókòó tì í. Bí ẹ̀rọ bá máa dé, ààyè ti wà.  Oníkọ̀ǹpútà ló wọlé, ó ń wo ilẹ̀, atúnbàtàṣe àti ẹni tó ń ta ọ̀dà tẹ̀ lé e.

"Owó ti dé, sà."

"Èló?"

"Ti ìpín yín kan ìjelòó yẹn ni wọ́n san. Lọ́tẹ̀ yìí, á ra òwú, á tún ku owó abẹ́rẹ́."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Ọjọ́ tí wọ́n ń wo ìwé lẹ mú owó wá. Ọjọ́ kejì ni orúkọ wọlé. Mo sọ fún yín, ọ̀gá mi."

Onípìn-ín fò sókè, gbogbo síìpù ara rẹ̀ pariwo tẹ̀ lé e. "Pè wọ́n! Sọ fún wọn pé mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà! Ṣé wọn ò rí aṣọ mi ni? Ọjọ́ kan! Nítorí ọjọ́ kan péré!"

 Atúnbàtàṣe gbé ojú sókè wo ọ̀rọ̀ pupa tó wà lókè dígí. Ẹni tó ń ta ọ̀dà náà wò ó. Òun ló kúkú ta ọ̀dà tí wọ́n fi kọ ọ́. Kò pẹ́, gbogbo ojú ti wà níbẹ̀. Ìyá Wívìn dìde, ó gun àpótí, ó yọ pátákó náà kúrò lára ògiri, ó nu eruku orí rẹ̀, ó fi há abíyá pẹ̀lú tìmùtìmù ìjókòó rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ibi iṣẹ́," ó wí.

Onípìn-ín ní kò burú, òun á ta gbogbo ìpín náà, òun á fi ra ẹ̀rọ padà. Ó tà á lóòótọ́, àmọ́ iye ìpín ẹlẹ́yẹ ti tún já wálẹ̀ gan-an. Owó tó ti ibẹ̀ jáde ò tó ra ju ẹsẹ̀ ẹ̀rọ méjì lọ, Jẹ́jẹ́ sì ní kí wọ́n má bínú, òun ò ta ẹsẹ̀. Ìpín kan ṣoṣo ìjelòó yẹn nìkan ni kò tà. Ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọ́n á máa fi pè é.

Ìyàwó rẹ̀ kò kó kúrò nílé o. Ìrọ̀lẹ́ á dé, á se oúnjẹ, wọ́n á jẹ ẹ́. Àmọ́ bí ọkọ bá ti dárúkọ etí aṣọ, á ní, "Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń sọ ọ́."

Lẹ́yìn èyí ni nọ́ọ̀sì tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí ó ti gbọ́n, ó ti mú aṣọ wá tipẹ́tipẹ́, Onípìn-ín sì ti ní kó wá lọ́la títí ọ̀la fi sú u. Ọjọ́ tó fẹ́ wọ̀ ọ́ pé, ó wá jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, ó fi báàgì sórí itan, ó ní òun ò ní kúrò níbẹ̀. Onípìn-ín rán apá tó kù, ó sì gbé gáùn náà sáré sọdá, síìpù ń dún.

Ìyá Wívìn wà nídìí ẹ̀rọ, àwọn télọ̀ mìíràn tò sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú aṣọ lórí itan.

"Ẹ káàsán, oníbàárà wa," ó wí.

"Ìyá àwọn ọmọ, bá mi fi ẹ̀rọ kọjá lára ẹ̀ lásán. Jọ̀ọ́. Òní ló fẹ́ wọ̀ ọ́."

Obìnrin náà kò gbé ojú kúrò lórí iṣẹ́. Ó fi sísọ́ọ̀sì nawọ́ sókè orí rẹ̀. Pátákó náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dà pupa rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́!" Onípìn-ín ké.

"Mo mọ̀. Ìkọ̀wé yín ò dáa, àmọ́ ó ṣe é kà."

Àwọn orí bẹ́ńṣì fi aṣọ bojú, èjìká wọn ń gbọ̀n. Ìyá Wívìn wo gáùn náà díẹ̀, ó mọ aṣọ ta ni.

"Ẹ lọ sọ fún nọ́ọ̀sì kó mú aṣọ rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Òun ò pẹ́, ẹlòmíì ló jẹ́ kó pẹ́. Màá dì í fún un, kó sì san owó iṣẹ́ fún mi."

Nọ́ọ̀sì wá, ẹ̀rọ dún dùrùrù, ó gba gáùn, ó sanwó fún ẹni tó dì í, ó sì gba ibẹ̀ lọ sóde rẹ̀ láì tún padà yà ní ṣọ́ọ̀bù Onípìn-ín. Onípìn-ín ṣì dúró. Ó kó ṣòkòtò mélòó kan dání, ó fi wọ́n han ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n máàkì iṣẹ́ òun.

"Àwọn yìí ńkọ́?"

"Àwọn kan ṣíwájú yín, sà," Ìyá Wívìn wí, ó ti na ọwọ́ sí aṣọ ẹlòmíì. "Ẹ wá lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, ó wá.